Ṣì, Kú, Tì: Bí Mo Ṣe Kọ́ṣẹ́ Ògbufọ̀ ní Peckham

Iṣẹ́ ògbufọ̀ tí mo kọ́ ní Peckham kò fi bẹ́ẹ̀ le níbi orúkọ nǹkan. Orúkọ àìsàn wà nínú ìwé, orúkọ ẹ̀sùn wà nínú ìwé, ẹni tó bá jókòó tì í yóò mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti le gan-an ni ọ̀rọ̀ ìṣe, pàápàá jù lọ agbo méjì kan: àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé nǹkan rú èèyàn lójú, àti àwọn tó fi ń sọ pé ẹnì kan dáwọ́ lé iṣẹ́, iṣẹ́ náà kò sì dára. Bewilder, baffle, puzzle, perplex, flummox, bamboozle: agbo kìíní nìyẹn. Bungle, botch, bodge, muff, fluff, fumble: agbo kejì rèé. Ayálégbé tó ń bá òṣìṣẹ́ kánsù sọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò kò ní pẹ́ tí yóò fi kan ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni aláìsàn tó ń bá dókítà sọ̀rọ̀ oògùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlẹ́rìí tó dúró níwájú adájọ́.

Kíláàsì wa wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Rye Lane, ìrọ̀lẹ́ la máa ń pàdé, lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé èdè kì í wọ́n níbẹ̀. Láti ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye títí dé ọjà Choumert Road, o ó gbọ́ Yorùbá níwájú ẹni tó ń ta iṣu àti ata rodo, o ó gbọ́ Íbò, Twi, èdè Sómálì àti èdè Sípéènì, Gẹ̀ẹ́sì ti gúúsù London yóò sì máa gba àárín gbogbo wọn kọjá. Olùkọ́ wa jẹ́ àgbà obìnrin kan tó ti ṣe ògbufọ̀ ní ilé ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn tipẹ́tipẹ́. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì kan wà, ọmọ Òṣogbo, tí mò ń pè ní Àǹtí. Bọ̀dá kan náà wà tó ń wa bọ́ọ̀sì, ará Ìjẹ̀bú, tó ti ń gbé Peckham kí wọ́n tó bí àwa mìíràn.

Ìdánwò tí à ń múra sílẹ̀ fún ni DPSI, ìwé ẹ̀rí tí Chartered Institute of Linguists, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, ń fún ògbufọ̀. Èèyàn lè mú ẹ̀ka òfin, ìlera tàbí ìjọba ìbílẹ̀. O ó gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, o ó sọ ọ́ ní èdè kejì bó bá ti dákẹ́. O ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ẹni tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ẹlòmíràn ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Wọn ó gbé lẹ́tà lé ọ lọ́wọ́, ojú rẹ á máa ka Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu rẹ á máa sọ Yorùbá. Ògbufọ̀ kì í sì í sọ pé "ó ní". "Mo" ni yóò máa sọ, bí ẹni pé òun gan-an ló lọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyẹn tó mọ́ èèyàn lára, àgàgà tó bá jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn ẹlòmíràn lo ń pè ní tìrẹ.

Kí a tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìṣe kankan, Màmá sọ ẹjọ́ Iqbal Begum fún wa. Wọ́n fẹ̀sùn kan obìnrin yìí ní England pé ó pa ọkọ rẹ̀, ẹjọ́ sì dé kóòtù ní 1981. Ògbufọ̀ tí wọ́n fún un kò gbọ́ èdè rẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi ìpànìyàn, ó gbà pé òun jẹ̀bi, kò sì yé e pé ẹ̀sùn mìíràn wà tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un. Ó di 1985 kí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó fagi lé ìdájọ́ náà, nítorí pé ohun tí wọ́n bi obìnrin náà kò yé e nígbà tó ń dáhùn. Irú ẹjọ́ báyìí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n dá ìwé orúkọ àwọn ògbufọ̀ tó kúnjú ìwọ̀n sílẹ̀ ní 1994. Màmá kò fi í dẹ́rù bà wá. Ohun tó fẹ́ kí a rí ni pé èèyàn kan náà ló kú nínú ẹ̀sùn méjèèjì, ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é ló yàtọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí a fẹ́ kọ́ ṣe rí: ohun tó ṣẹlẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ̀bi má sì sí níbì kan náà.

Bewilder la fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí Samuel Johnson tẹ̀ jáde ní 1755, ohun tó ní ó jẹ́ ni kí a mú èèyàn sọnù níbi tí kò sí ọ̀nà. Màmá ní kí a fi "dàrú" sílẹ̀ ná, kí ẹni tó bá ti sọnù rí sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Bọ̀dá ló dáhùn. Ó ti gbé North Peckham Estate rí, àwọn ilé kánsù tí wọ́n fi afárá gígùn so pọ̀ mọ́ra lókè kí èèyàn lè máa rìn láti ilé dé ilé láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ó ní àlejò tó bá wọ ibẹ̀ lálẹ́ yóò rìn, yóò rìn, ilẹ̀kùn kan náà ni yóò máa rí, ògiri kan náà, àtẹ̀gùn kan náà. Yóò mọ ohun tó ń wá, kò kàn ní mọ ibi tó wà ni. Màmá ní kí a kọ ìyẹn sílẹ̀: mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́, ọ̀nà ti ṣì mí. Àǹtí fi "ṣìbáṣìbo bá mi" kún un, Màmá gbà á fún ẹni tí ìpayà bá ti dé bá. Puzzle kò dé ibẹ̀ rárá. Ẹni tí nǹkan puzzle jókòó jẹ́jẹ́, ó ń ronú; "ó rú mi lójú díẹ̀" ti tó o.

Ọ̀rọ̀ tó gba ìrọ̀lẹ́ kan mọ́ wa lọ́wọ́ pátápátá ni confused, torí pé nílé ìwòsàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Àǹtí ló là wá lóye. Ó ní bí àgbàlagbà bá dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, tí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó di confused lójijì, àmì àìsàn nìyẹn. Nínú ètò NEWS2, tí Royal College of Physicians gbé jáde ní 2017 fún yíyẹ aláìsàn wò, máàkì 3 ni wọ́n ń fún irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, iye kan náà tí wọ́n ń fún mímí tó ti yára kọjá ààlà. Máàkì 3 láti ibì kan ṣoṣo tó kí wọ́n pe dókítà wá wo aláìsàn kíákíá. Wàyí o, bàbá Yorùbá kan jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà ka orúkọ oògùn mẹ́rin sí i létí, bàbá mi orí, ó ní, "Dókítà, ọ̀rọ̀ yín yìí rú mi lójú o." Bí ògbufọ̀ bá sọ pé "I am confused", ó ti gbé àìsàn tí bàbá ò ní lé e lórí. Ojú bàbá mọ́lẹ̀ kedere, orí rẹ̀ pé. Àlàyé dókítà ni omi rẹ̀ rú.

Nítorí èyí ni Màmá fi kọ́ wa láti máa wo ẹni tó jẹ́ olùwà nínú gbólóhùn. Yorùbá ò sọ pé èmi ni mo rú. Ọ̀rọ̀ ló rú, ojú mi ni ó ti rú, bí omi odò ṣe ń rú nígbà tí ẹsẹ̀ bá ta ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú àwòrán yìí nínú muddle, tó ti ẹrẹ̀ wá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ lónìí kò rí ẹrẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ohun tí a ó sọ fún dókítà ni pé àlàyé náà kò tíì yé mi, kí ó tún un ṣe. Tí ọ̀rọ̀ bá wá jẹ́ pé bàbá ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú, tí ó ń béèrè bóyá Ìbàdàn lòun wà, ìyẹn ni orí tó dàrú, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu bàbá, láìtún un tò. Àǹtí ní ibi tí ògbufọ̀ ti máa ń ṣe aláìsàn léṣe jù nìyẹn, tí yóò fẹ́ fi àánú tún ọ̀rọ̀ tó wọ́ ṣe kó lè tọ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn.

Baffle le ju bó ṣe rí létí lọ. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ìtìjú gbangba ni, tí wọ́n fi ń jẹ jagunjagun tó da ìbúra rẹ̀ níyà. Wọ́n a ya àwòrán rẹ̀, wọ́n a gbé e kọ́ lórí kodò. Gbogbo ìyẹn ti gbẹ dànù. Lónìí, ohun tó bá baffle dókítà kàn ti kọjá òye rẹ̀ ni. Bamboozle ní tirẹ̀ kò gbẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún ló ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgboro, Jonathan Swift sì bínú sí i nínú ìwé ìròyìn Tatler ní 1710 pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó kà sí èyí tó ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà yè, ó sì wúlò fún wa, nítorí pé ó ní ọ̀daràn nínú. Ẹni tí wọ́n bamboozle kò sọnù fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ki ọ̀rọ̀ lé e lórí títí ó fi buwọ́ lùwé. "Wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí jẹ" ni, tàbí "wọ́n ṣì mí lọ́nà". Bí ayálégbé bá lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa àjẹ́ńtì tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ògbufọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ àjẹ́ńtì náà rú u lójú, ẹjọ́ ti yí padà kí adájọ́ tó gbọ́ ọ.

Flummox ni mo fẹ́ràn jù, nítorí inú ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni ìwé tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ti lò ó. Charles Dickens, tó ti ṣe akọ̀ròyìn nílé ẹjọ́ rí, fi í sẹ́nu bàbá Sam Weller nínú The Pickwick Papers, tó jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín 1836 àti 1837. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni bàbá yìí. Ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bí ọ̀gá ọmọ náà kò bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ibòmíràn lòun wà, flummoxed ni yóò jẹ́ níwájú adájọ́. Bọ̀dá, tí òun náà jẹ́ awakọ̀, ló wá Yorùbá rẹ̀ rí: ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Màmá pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹlẹ́rìí tí lọ́yà da ìbéèrè bò, tó la ẹnu tí ọ̀rọ̀ ò jáde, kò sọnù, wọn ò tàn án jẹ. Ọ̀rọ̀ ló pèsì jẹ lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́tà ìjọba ni olórí ìdààmú wa nígbà tí a dé agbo kejì. Òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti kọ ọ́ pé iṣẹ́ náà was botched, tí kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Yorùbá ò ní irú ibi ìsápamọ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá sọ pé "wọ́n ba iṣẹ́ náà jẹ́", etí ayálégbé yóò nà láti mọ ẹni tí "wọ́n" jẹ́, yóò sì máa wo òṣìṣẹ́ tó jókòó síwájú rẹ̀. Ọ̀nà tí Màmá fi hàn wá wà nínú èdè wa látilẹ̀ wá: ọ̀rọ̀ ìṣe tó ṣeé là sí méjì, tí ó sì ṣeé fi sílẹ̀ lódindi. Iṣẹ́ náà bàjẹ́. Wọ́n ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ètò náà dàrú. Wọ́n da ètò náà rú. Bí o bá là á, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níwájú tó ṣe é. Bí o kò bá là á, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan lo sọ. Gbogbo wa ló ń sọ ọ́ láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ẹ̀rí ilé ẹjọ́ lè dúró lé e lórí kí n tó dé kíláàsì yẹn.

Láti kọ́ wa ní bungle, Màmá gbé eré Only Fools and Horses wá, eré John Sullivan nípa ìdílé Trotter ti Peckham, tí BBC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1981. Apá tó fi hàn wá ni èyí tí wọ́n ṣe ní 1982, tí Del àti Rodney gba iṣẹ́ láti nu fìtílà ńlá oníjígí tó so rọ̀ lájà ilé olówó kan. Àwọn méjèèjì gun àkàbà, wọ́n ta aṣọ sábẹ́ fìtílà kan. Bàbá wọn àgbà wà lókè àjà, ó ń tú ohun tó dì í mú. Fìtílà kejì, tí ẹnikẹ́ni ò dúró sábẹ́ rẹ̀, ló já lulẹ̀ tó fọ́ yángá. Màmá dá a dúró níbẹ̀. Ó ní kí a fi Yorùbá sọ irú iṣẹ́ tí bàbá náà ṣe, gbólóhùn kan péré.

Ọ̀pọ̀ wa ní ó ba iṣẹ́ jẹ́. Màmá ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ la sọ yẹn, a ò tíì sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta sójú pátákó: ṣì, kú, tì. Àṣìsọ wà, ìsọkúsọ wà, ó sọ ọ́ tì wà. Ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ fẹ́ sọ ọ̀kan, òmíràn bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ kò bìkítà ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ tì gbìyànjú, agbára rẹ̀ kò ká a. Bàbá àgbà Trotter mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó farabalẹ̀ tú u, ó sì tú u dáadáa; fìtílà mìíràn ló tú. Àṣìtú ni.

Láti ìgbà náà ni a ti ń gbé gbogbo agbo kejì gba abẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kọjá. Fumble àti fluff sún mọ́ tì, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, bíi bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ gólì. Bungle máa ń wà láàárín ṣì àti tì. Ìṣe tí a bá fi kú sí nínú kò ní àwáwí kankan, ṣùgbọ́n ìṣekúṣe ti gba ọ̀nà àgbèrè lọ nínú Yorùbá òde òní, ògbufọ̀ kò lè sọ ọ́ sí káfíńtà. Ibi tí a ti ń pe wúruwùru, jákujàku àti jágbajàgba wá ràn wá lọ́wọ́ nìyẹn. Bí mo sì ṣe ń wò ó lọ ni mo rí i pé ṣì ló so agbo méjèèjì pọ̀: òun ló wà nínú ọ̀nà tó ṣì mí, òun ló wà nínú ẹni tó ṣì mí lọ́nà, òun náà ló wà nínú iṣẹ́ tí mo ṣì ṣe. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ tí kò jọra pe ohun tí Yorùbá ti rí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá.

Iṣẹ́ tiwa gan-an ni Màmá fi dán wa wò lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìdájọ́ gbé pípèsè ògbufọ̀ fún kóòtù England àti Wales lé ilé iṣẹ́ aládàáni kan ṣoṣo lọ́wọ́. Owó iṣẹ́ já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ tó dáńtọ́ kọ̀ láti bá wọn ṣe é, ẹjọ́ ń sún síwájú nítorí pé ògbufọ̀ kò yọjú. Ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò gbé ìròyìn jáde lórí rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìgbìmọ̀ aṣòfin sì bá ètò náà wí gidigidi ní oṣù Kejìlá. Ṣì ni, kú ni, àbí tì? Bọ̀dá ní tì ni, iṣẹ́ náà tóbi ju ẹni tó gbà á lọ. Mo ní kú ni, mi ò sì tíì yí ọkàn padà: àwọn ògbufọ̀ ti kìlọ̀ ṣáájú, ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún tó sì ṣe é bẹ́ẹ̀ kò lè pè é ní àṣìṣe.

Botch àti bodge la fi parí sáà náà. Àtúnṣe lásán ni botch jẹ́ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, iṣẹ́ ẹni tó ń lẹ nǹkan. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ló di àtúnṣe tí kò dára. Bodge yà lára rẹ̀, ó sì fúyẹ́ díẹ̀ lẹ́nu àwọn ará London. Páìpù ń jò, ẹnì kan wé téèpù mọ́ ọn, omi dá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: bodge nìyẹn. Ṣé ìbáwí ni àbí ìyìn? Àǹtí ní ìbáwí ni, "ó ṣe é jákujàku". Bọ̀dá ní rárá, ó lè jẹ́ pé ọgbọ́n ni onítọ̀hún dá sí i, "ó fọgbọ́n lẹ̀ ẹ́ ná". Àwọn méjèèjì ti bá àwọn ọmọ London ṣiṣẹ́ tipẹ́, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ kálukú wọn, ariwo sì sọ.

Màmá ò dá ẹjọ́ wọn. Ó ní kí àwọn méjèèjì dìde, kí Bọ̀dá ṣe òṣìṣẹ́ kánsù, kí Àǹtí ṣe ayálégbé, kí n jókòó láàárín wọn. Bọ̀dá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó wá ṣáájú ti bodge páìpù náà. Mo gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo sọ fún òṣìṣẹ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì pé ògbufọ̀ fẹ́ béèrè àlàyé lórí ọ̀rọ̀ kan, mo yíjú sí Àǹtí, mo sọ fún un ní Yorùbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ògbufọ̀ ń bi òṣìṣẹ́ bóyá ó ń sọ pé àtúnṣe náà kò dára, àbí pé wọ́n kàn ṣe é ná kó má bàa jò." Bọ̀dá ronú, ó ní méjèèjì ni. Mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún Àǹtí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Àǹtí sì béèrè ìgbà tí wọ́n máa wá ṣe ojúlówó.